Ta Ló Ń Jẹ Mẹ́gà Wa? Bí A Ṣe Lè Dá Àlejò Àìpè Mọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní ìsọ̀ fọ́tòkópì àti ìtẹ̀wé, ì báà jẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ̀dùn ọkàn kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onísọ̀. Wọ́n ra mẹ́gà ní àárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti tán, bẹ́ẹ̀ wọn kò wo fídíò kankan. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà, wọ́n lọ jẹun dé, kò tíì jí tán. Nígbà mìíràn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ fáànù inú rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Oníbàárà ń dúró, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀ jáde ń wo aago, owó iná sì ń lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á ní ẹ̀rọ náà ti gbó, wọ́n á máa wá owó òmíràn. Àwọn mìíràn á gbé e fún ẹni tó máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, tí yóò sì gba owó lé e. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó náwó, kí a tó pa ohunkóhun rẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo àwọn tó wà nínú ilé. Wíwò náà kò gba kọ́bọ̀, kò sì pẹ́.

Àwọn wo ló ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà?

Gbogbo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, ètò kan ló ń ṣe é. Ètò kan wà fún lẹ́tà kíkọ, òmíràn wà fún íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ wọn máa sùn títí a ó fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbé ètò tuntun sórí ẹ̀rọ, tí a kàn ń tẹ "Suivant, Suivant" láìka ohun tí wọ́n kọ, ètò náà lè fi orúkọ ara rẹ̀ sára àwọn tí yóò máa jí nígbàkígbà tí Windows bá jí. Ètò orin, ètò ìpè fídíò, ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ti tà tipẹ́: gbogbo wọn á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì jókòó sẹ́yìn níbi tí ojú wa kò tó.

Ẹ fi wé tábìlì ìpàtẹ ní ọjà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ti gbé ẹrù wọn lé e kí ẹni tó ni ín tó dé, níbo ni yóò pàtẹ tirẹ̀ sí? RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni tábìlì yẹn. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí RAM rẹ̀ kò ju gígà 2 tàbí 4 lọ, tábìlì kékeré ló ní. Bí ó bá kún, ẹ̀rọ á máa gbé ẹrù lọ sínú díìsìkì, á tún máa gbé e padà. Díìsìkì sì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ fi ń rìn bí ìgbín.

Bí a ṣe ń wo inú ilé

Ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pa pọ̀: Ctrl, Shift tó ní ọfà tó ń wo òkè, àti Esc. Ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní "Gestionnaire des tâches" á ṣí. Bí ó bá kéré, ẹ tẹ "Plus de détails". Níbi tí wọ́n kọ "Processus" sí, ẹ ó rí orúkọ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ tẹ orí òpó "Réseau", ètò tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì jù lọ á bọ́ sókè. Ẹ tẹ orí "Processeur", èyí tó ń fa agbára ẹ̀rọ jù lọ á bọ́ sókè. Ẹ má kánjú, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú bíi méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí "Démarrage". Lórí Windows 11, "Applications de démarrage" ni wọ́n pè é. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ wà. Windows fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ bí ìdádúró tí wọ́n ń fà ṣe pọ̀ tó: "Élevé" pọ̀, "Faible" kéré. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ èyí tí ẹ kò nílò, kí ẹ yan "Désactiver". Èyí kì í ṣe pé ẹ pa ètò náà. Ẹ kàn ní kó máa sùn títí ẹ ó fi pè é ni. Bí ẹ bá kábàámọ̀, "Activer" á dá a padà.

Àwọn wo la lè dá dúró? Ètò orin, eré, ìpè fídíò àti ìpolówó ọjà. Àwọn wo ni kí a fi sílẹ̀? Ètò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ kòkòrò, tó sábà máa ń ní "Sécurité" tàbí "Antivirus" nínú orúkọ rẹ̀, àti ètò ohùn ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń tọ́jú ìwé yín sórí OneDrive, ẹ má fọwọ́ kan òun náà. Ẹ dá méjì tàbí mẹ́ta dúró, kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹni tó bá dá gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní mọ èyí tó ṣe nǹkan.

Kì í ṣe gbogbo àjèjì ni olè

Ẹ ó rí àwọn orúkọ tó ṣàjèjì, ẹ má bẹ̀rù. "Hôte de service", tí orúkọ fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ svchost.exe, lè fara hàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Òṣìṣẹ́ Windows ni. Windows tún máa ń dúró dìgbà tí a bá kúrò nídìí ẹ̀rọ kó tó ṣe àwọn iṣẹ́ kan: ó ń wá kòkòrò, ó ń to orúkọ fáìlì, ó ń gba àtúnṣe tuntun. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi lè máa pariwo nígbà tí a kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ibi tí ètò ń gbé. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ yan "Ouvrir l'emplacement du fichier". Inú C:\Windows\System32 ni svchost.exe tòótọ́ sábà máa ń gbé. Bí ẹ bá bá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú AppData tàbí Temp, olè tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ni.

Ní ti mẹ́gà, ẹ lọ sí "Paramètres", kí ẹ wọ "Réseau et Internet", kí ẹ tẹ Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ sì tan "Connexion limitée". Windows á mọ̀ pé à ń ra íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n, á sì dín ohun tó ń gbà láìbéèrè kù. Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí fi àtúnṣe tuntun sílẹ̀ pátápátá. Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún un, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí ẹni tó ń lo Windows 10 sì mọ̀ pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó wà fún gbogbo ènìyàn dúró.

Àwọn tó jẹ́ olè gan-an

Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ìsọ̀ ìtẹ̀wé jù ni clé USB. Oníbàárà kan á kì í bọ ẹ̀rọ, gbogbo ìwé rẹ̀ á ti di àmì tó ní ọfà kékeré ní igun. Bí ẹ bá tẹ àmì náà, ìwé lè ṣí, ṣùgbọ́n kòkòrò ti wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ sára àwọn tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ, yóò sì máa ran gbogbo clé tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù iṣẹ́ ọdún púpọ̀, nítorí wọ́n á ní kí wọ́n pa clé náà rẹ́. Ẹ dúró ná! Kòkòrò yìí sábà máa ń fi ìwé pamọ́ ni, kì í jẹ ẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi àṣẹ attrib, tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, mú un jáde.

Ọ̀nà kejì ni ètò olówó iyebíye tí wọ́n ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Inú irú wọn ni àwọn kan ń kó ètò tó ń fi ẹ̀rọ wa wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì sí. Iná tiwa, ẹ̀rọ tiwa, èrè tiwọn. Àwọn mìíràn nínú wọn gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dákẹ́ ní kété tí a bá ṣí "Gestionnaire des tâches".

Orúkọ ńlá kò sì tó ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Mark Russinovich, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kéde pé díìsìkì orin ilé iṣẹ́ Sony BMG ń gbé ètò kan tó ń fi ara pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó rà á. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà kó àwọn díìsìkì náà kúrò lọ́jà. Òun àti Bryce Cogswell ló ṣe Autoruns, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè gbà lójúlé Microsoft, tó ń fi gbogbo ohun tó ń jí pẹ̀lú Windows hàn, títí kan èyí tí "Démarrage" kò fi hàn.

Bí ẹ bá fura sí olè, ẹ kọ́kọ́ já íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ "Sécurité Windows", kí ẹ yan àyẹ̀wò tó ń wáyé kí Windows tó jí. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú 15, ó sì ń mú èyí tó ń sá pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́ láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà yín, pàápàá ti ímeèlì àti ti owó orí fóònù.

Ẹni tó bá ní ìsọ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lóṣooṣù fún wíwò yìí. Ẹ kọ orúkọ àwọn ètò tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ yín sínú ìwé ìṣirò yín. Lọ́jọ́ tí orúkọ tuntun bá yọjú, ẹ ó ti mọ̀ pé ẹ kọ́ lẹ pè é.