Àwo “Cotonou Club” àti àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ Poly-Rythmo

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo ti Kútọnu gbé àwo “Cotonou Club” jáde ní ọdún 2011, àwọn olólùfẹ́ wọn pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní agbára àwọn àgbà olórin náà kò tíì dínkù. Àwọn mìíràn ní orin náà ti mọ́ jù, pé eruku ìlú ti gbọ̀n kúrò lára rẹ̀. Títí di òní, bí àwọn tó mọ ẹgbẹ́ yìí bá pàdé, ọ̀rọ̀ náà kì í tán bọ̀rọ̀.

Tchaourou wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, ojú irin pẹ̀lú sì gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó bá ń dún ní etí òkun kì í pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, rédíò àti àwo ni ó ń gbé orin Poly-Rythmo kiri ilẹ̀ Benin. Ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti di bàbá àgbà báyìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì lè gbọ́ orin kan náà lórí fóònù.

Ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Kútọnu. Òun ni olórí, òun náà ni ó sì ń fọn fèrè sàsófóònù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Faransé méjì, “Tout Puissant”, ṣáájú orúkọ ẹgbẹ́ náà, èyí tí ó túmọ̀ sí Alágbára-gbogbo. Orúkọ ńlá ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn náà kò kéré: láàárín 1970 sí 1983, orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ tó nǹkan bí 500. Àwọn àwo kan wà tí orin kan ṣoṣo gba ojú kìíní, tí orin kan ṣoṣo sì gba ojú kejì. Ẹni tó bá dìde láti jó irú orin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó máa ń tètè rẹ̀.

Seidou Adissa, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo Albarika Store, a máa kó wọn lọ sí Èkó, sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI, níbi tí ẹ̀rọ ìgbàlódé wà. Fún àwọn oníléeṣẹ́ kékeré, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan, gbohùngbohùn kan tàbí méjì níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó parí. Bí onílù bá lù ú jù, ohùn akọrin a rì sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́.

Nínú orin wọn, gìtá oníná àti dùùrù pàdé ìlù ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n mú afrobeat láti Èkó, wọ́n sì mú nínú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Sato àti Sakpata ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Sato jẹ́ ìlù gíga tí wọ́n máa ń lù níbi ìrántí àwọn òkú. Sakpata sì ni òrìṣà tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná. Èdè Fọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí. Ní Tchaourou, níbi tí Yorùbá àti Bàrìbá ti gbilẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Fọ̀n lè má mọ ohun tí akọrin ń wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a kọ́kọ́ dáhùn ná. Ìtumọ̀ a tẹ̀lé e lẹ́yìn, bí ó bá rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ikú mú onílù wọn, Léopold Yéhouessi, ó sì mú Bernard Zoundégnon, olójú-ọnà gìtá tí gbogbo ayé ń pè ní Papillon. Láti ìgbà náà ni iná ẹgbẹ́ náà ti ń jó rẹ̀yìn. Lohento Eskill, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn, kú ní ọdún 2006.

Ibi tí wọn kò retí ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Àwọn tí ń ṣa àwo àtijọ́ láti Yúróòpù ti ń wọ ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 2008 àti 2009, ilé iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó àwọn orin Poly-Rythmo àtijọ́ jọ sínú àwo méjì. Elodie Maillot, oníròyìn rédíò láti ilẹ̀ Faransé, wá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó sì di alámòójútó wọn. Ní 2009, wọ́n lọ ṣeré ní Yúróòpù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Paris láti ṣe “Cotonou Club”, àwo tuntun àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo ẹ̀rọ àtijọ́ níbẹ̀, kí ohùn náà má baà jìnnà sí ti àná. Wọ́n tún “Gbeti Madjro” ṣe, orin tó ti gbajúmọ̀ láti àwọn ọdún 1970, Angélique Kidjo sì bá wọn kọ ọ́. Ọmọdé ni Kidjo nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Fatoumata Diawara ti ilẹ̀ Mali náà kọrin nínú àwo yìí. Nínú “Lion is Burning”, méjì lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Franz Ferdinand, àwọn olórin rọ́ọ̀kì láti ilẹ̀ Skọ́tlándì, ni ó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹni tó bá fi “Gbeti Madjro” ti àtijọ́ ti tuntun yóò gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú ti tuntun, fèrè dá dúró, gìtá dá dúró, ohùn Kidjo sì ga lókè bí ẹni dúró lórí òkè. Nínú ti àtijọ́, ohun gbogbo ń sáré pa pọ̀, bí èrò ọjà tí òjò ká mọ́. Òótọ́ ni ẹni tó ní ti àtijọ́ gbóná jù. Àmọ́ ẹ̀rọ kọ́ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ Léopold kò sí lórí ìlù mọ́, ìka Papillon kò sì sí lára gìtá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ráhùn sí àwo tuntun náà, òkú ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá ta àwo àtijọ́ kan lówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè, ẹni tó ta á ni ó ń gba owó. Ẹni tó fọn fèrè inú rẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Olórin tó ṣì wà láàyè nílò orin tuntun àti ẹni tí yóò wá wò ó lórí ìtàgé. Èyí ni “Cotonou Club” fún Mélomé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí irun wọn ti funfun, bí ó ti wù kí orin náà mọ́ tó.

Mélomé Clément kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Àwọn tó kù kò tú ká. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé àwo mìíràn jáde, “Madjafalao”, wọ́n sì fi ṣe ìrántí rẹ̀.