Àárẹ̀ Àṣekúdórógbó àti Ìlera Ọkàn Òṣìṣẹ́

Àárẹ̀ àṣekúdórógbó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní burnout lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni ipò tí òṣìṣẹ́ ń bá ara rẹ̀ nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá ti pẹ́ lọ́rùn rẹ̀ débi pé ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kò lè mú un bọ̀ sípò mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 2019 nínú ICD-11, ìyẹn ìwé tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé fi ń to àrùn àti ohun tó ń kó bá ìlera lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Àjọ náà kò kà á mọ́ àrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí ó ń ṣe. Ohun tí ó sọ ni pé ibi iṣẹ́ ni ó ti ń wá, nígbà tí wàhálà bá ń gorí wàhálà láìsí ẹni tí ó bójú tó o bó ti yẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dènà rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà, kí ó tó wo bí òṣìṣẹ́ ṣe lágbára tó.

Àmì mẹ́ta ni ICD-11 kà sílẹ̀. Èkíní ni àárẹ̀ tí kì í lọ: òṣìṣẹ́ sùn, ó jí, ara rẹ̀ sì wúwo bí ẹni tí kò fojú ba oorun. Èkejì ni pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò nídìí iṣẹ́, tí ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, tí ó sì ń kanra mọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó ràn lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ aláìsàn, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníbàárà. Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Àárẹ̀ yìí yàtọ̀ sí rírẹ̀ ojoojúmọ́ tí oorun ń wò. Ó tún yàtọ̀ sí àrùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí pé ìrẹ̀wẹ̀sì a máa bá ènìyàn dé ilé, dé ilé ìjọsìn, dé òde àríyá pàápàá, nígbà tí àárẹ̀ àṣekúdórógbó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ ní tirẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá pẹ́ tí kò sẹ́ni tó mójú tó o, ó lè ṣí ọ̀nà fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ìdí nìyí tí kò fi yẹ ní fífọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tí ó ṣiṣẹ́ ní New York, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1974. Ó ti rí àwọn tí ó ń yọ̀ǹda ara wọn ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan ní ìlú náà, bí wọ́n ṣe fi ìtara bẹ̀rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe di ẹni tí inú ń tètè bí, tí orí ń fọ́ lemọ́lemọ́, tí ọ̀rọ̀ aláìsàn kò sì ká lára mọ́. Ní ọdún 1981, Christina Maslach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, àti Susan Jackson gbé ìwé ìbéèrè tí à ń pè ní Maslach Burnout Inventory jáde, èyí tí àwọn olùwádìí ṣì fi ń wọn àárẹ̀ náà dòní. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí àárẹ̀ náà lára wọn kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, nítorí pé tọkàntara ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kí ó tó kọ lù wọ́n.

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì láwùjọ Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ gẹ̀gẹ̀, tí àwọn àgbà sì máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ìṣẹ́ ni ó ń pani. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún àgbẹ̀ tí ó ń fúnra rẹ̀ yan àsìkò tí yóò ṣán oko, tí ó ń wọ abẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú, tí ó sì mọ ìgbà tí ìkórè yóò parí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí aago ẹlòmíràn ń darí, tí kò sì ní ìgbà ìkórè. Ní ọdún 2021, WHO àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, ILO, fi hàn pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ ewu àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ó sì fi ìdá 17 súnmọ́ ikú tí àrùn ọkàn ń fà jù ú lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 745,000 ènìyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣokùnfà ikú wọn ní ọdún 2016 nìkan.

Ohun mẹ́fà tí ó ń fà á

Iye wákàtí nìkan kọ́ ni ó ń fa àárẹ̀ yìí. Ní ọdún 1997, Maslach àti Michael Leiter to ohun mẹ́fà kalẹ̀ tí ó máa ń dá a sílẹ̀ bí wọn kò bá bá òṣìṣẹ́ mu. Èkíní ni ẹrù iṣẹ́ tí ó ju àkókò àti iye ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Èkejì ni àìní àṣẹ lórí iṣẹ́ ẹni, èyí tí Robert Karasek ti ṣàlàyé ní 1979 pé iṣẹ́ tí ó ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn tí kò sì fún un láyè láti pinnu bí yóò ṣe ṣe é ni ó ń ni ọkàn lára jù lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ti ọ̀dọ́ tí báǹkì kan ní Èkó ní kí ó lọ wá iye owó báyìí wá látọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà kí oṣù tó parí, tí kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí ọjà tí kò lọ, tàbí sí owó tí kò sí lọ́wọ́ ará ìlú.

Ẹ̀kẹta ni èrè, tí kì í ṣe owó oṣù nìkan, bí kò ṣe kí ọ̀gá mọ rírì iṣẹ́ kí ó sì yìn ín. Ibi tí owó oṣù bá ti ń pẹ́ kí ó tó wọlé, àìmọrírì náà a máa di ìlọ́po méjì. Ẹ̀kẹrin ni àjọṣe àwọn tí ó jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀karùn-ún sì ni òdodo nínú bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, ìgbéga àti ìyà. Ẹ̀kẹfà ni pé kí iṣẹ́ má ṣe ta ko ohun tí òṣìṣẹ́ gbàgbọ́, irú èyí tí ó máa ń bá nọ́ọ̀sì tí ó wọ iṣẹ́ láti wo aláìsàn sàn, ṣùgbọ́n tí ó di dandan fún un láti sọ fún ìdílé kan pé kò sí ìtọ́jú àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ sanwó.

Ní Èkó, ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà tún ń bù kún ẹrù yìí. Àìmọye òṣìṣẹ́ tí ń gbé ní Ìkòròdù, Mowé tàbí Ibafo ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó lè dé erékùṣù Èkó lásìkò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ a sì tún gba ìrọ̀lẹ́ wọn. Wákàtí wọ̀nyí kò sí nínú ìwé ilé iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ara òṣìṣẹ́ ń kà wọ́n.

Ọ̀ràn àwọn oníṣègùn

Ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Muhammad Ali Pate, mínísítà tí ń ṣe kòkáárí ètò ìlera, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ti kúrò lórílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé dókítà tí ó wà kò ju 3.9 lọ fún 10,000 ènìyàn. Iṣẹ́ ẹni tó lọ kò bá a lọ. Ọrùn àwọn tó ṣẹ́kù ni ó bọ́ sí, tí àwọn náà yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́jú, tí wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán láìfi ẹ̀yìn lélẹ̀, títí àárẹ̀ yóò fi mú kí àwọn kan nínú wọn wá ọ̀nà àtijáde. Bí àìtó ọwọ́ ṣe ń bí àárẹ̀ ni àárẹ̀ ń bí àìtó ọwọ́, aláìsàn ni ó sì ń jìyà àṣìṣe tí ojú tí kò sùn bá ṣe.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti kọ́ pé ìyànjú ẹnu kò tó, òfin ni ó ń fi òpin sí i. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tí ó ń ṣàkóso ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn dókítà fi òté lé e ní ọdún 2003 pé wákàtí iṣẹ́ àwọn dókítà tí ó wà lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 80 lọ lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá ṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀. Ní Japan, níbi tí ikú àṣejù iṣẹ́ ti di ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, ìjọba ṣe òfin ìdènà rẹ̀ ní 2014, nígbà tí ó sì di 2024, wọ́n fi gbèdéke wákàtí 960 lọ́dún sí iṣẹ́ àfikún ọ̀pọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fàyè sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn kan láti kọjá rẹ̀.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ayé ìjọba ológun, pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan láàárín rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn tí ó kà sí òṣìṣẹ́, tí ó fi jẹ́ pé dókítà, ẹnjiníà àti ọ̀gá nílé báǹkì kò sí lábẹ́ ààbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni àárẹ̀ yìí ń bá jà lóde òní. Àlàfo yìí ni ó yẹ kí àwọn aṣòfin dí.

Òfin méjì mìíràn ṣe é dì mú. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 gbà pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé iṣẹ́ ni ó kó wàhálà ọkàn bá lè gba ẹ̀san. Èkejì ni Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin ayé amúnisìn tí ó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Ẹ̀rù orúkọ yẹn ṣì ń di ẹnu ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọn yóò kúkú sọ fún ọ̀gá wọn pé ibà ń ṣe àwọn ju kí wọ́n sọ pé ọkàn àwọn ti rẹ̀ lọ.

Ohun tí ilé iṣẹ́ lè ṣe

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó gbọ́ nípa àárẹ̀ yìí a máa pe olùkọ́ wá láti bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìfaradà, mímí àmíkanlẹ̀ àti ìṣàkóso àkókò, kí wọ́n tó dá wọn padà sídìí iṣẹ́ kan náà. William Fleming ti Yunifásítì Oxford yẹ èsì òṣìṣẹ́ 46,336 ní ilé iṣẹ́ 233 ní Britain wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024 pé àwọn tí ó kópa nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sàn ju àwọn tí kò kópa lọ. Èyí bá ìlànà tí WHO gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 mu, tí ó fi àtúntò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá kún ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àtúntò náà kì í sábà gba owó rẹpẹtẹ. Ó lè jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì jọ jókòó to ìwé ojúṣe wọn, kí wọ́n sì lè bá ara wọn pààrọ̀ ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró, tí oníkálukú ń jàǹfààní ọwọ́ ẹlòmíràn ní ìgbà tirẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ọ̀gá dẹ́kun fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní òru, èyí tí ilẹ̀ Faransé fi òfin kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, nígbà tí ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó 50 bá wọn dúnàádúrà lórí ẹ̀tọ́ láti pa ẹ̀rọ tì lẹ́yìn iṣẹ́. Ó lè jẹ́ kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, tàbí kí ẹni tí àárẹ̀ ti dá gúnlẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀, láti dáàbò bo oorun rẹ̀, láti lo ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ tán, àti láti tètè fọ̀rọ̀ lọ ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ipa yẹn kò lè gbapò ojúṣe ẹni tí ó to iṣẹ́.

Ẹ̀rí pé iṣẹ́ tí wọ́n tò dáadáa lè wo ọkàn sàn wà nílẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, nítòsí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé láàárín ìdílé ní àwọn abúlé ìtòsí, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà wà lára ìtọ́jú wọn, nítorí pé ó mọ níwọ̀n, ènìyàn sì yí wọn ká. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ń ka owó tó wọlé lóṣooṣù lè máa ka iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, iye ọjọ́ ìsinmi tí wọn kò lò àti iye àwọn tí ó ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì bi ọ̀gá tí iye wọ̀nyí bá ń lọ sókè lábẹ́ rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń bi ẹni tí owó dínkù lọ́wọ́ rẹ̀.