Ìwé-Àṣẹ Ṣáájú Fọ́ọ̀mù: Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ọmọ Ẹ̀gbá

Bí a bá ń ka ìtàn ìlera ní Nàìjíríà, orúkọ Abẹ́òkúta kì í gbẹ́yìn. Ọdún 1895 ni àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá ilé-ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, òun sì ni wọ́n kà sí ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, la ọ̀nà tuntun ní Àrò: ó jẹ́ kí àwọn alárùn ọpọlọ máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ gba ìtọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá, ló jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992, nígbà tí ìtọ́jú alábọ́ọ́dé tàn dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, ni alága àkọ́kọ́ fún FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Síbẹ̀, àlàfo kan ṣì wà tí kò tíì dí, ìyẹn àárín ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnu géètì ilé-ìwòsàn. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, tí wọ́n ń pè ní paramẹ́díìkì, ni láti dí i. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn, àti òbí tó fẹ́ sanwó rẹ̀: kó tó ra fọ́ọ̀mù, kó béèrè ìwé-àṣẹ. Ta ni yóò fún un láṣẹ láti fọwọ́ kan aláìsàn nígbà tó bá parí ẹ̀kọ́?

Ìdí tí ìbéèrè yìí fi wúwo ni pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń dánra wò. Bí ọkàn èèyàn bá dúró, tí afẹ́fẹ́ kò dé ọpọlọ mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó fún ọpọlọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì. Ẹ wá wo ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì ń gba Ewékorò, Ìtórí àti Ìfọ̀ kọjá tọ̀sán-tòru; ọkọ̀ èrò ń sáré láti Abẹ́òkúta gba Ṣíún lọ sí Ṣágámù; ọ̀kadà sì ni ọ̀pọ̀ aboyún ń gùn jáde láti abúlé Òdẹ̀dá. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, inú rere ni àwọn èèyàn fi ń sáré dé ibẹ̀. Wọ́n á fa ẹni tó há sínú mọ́tò lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n á ká a sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á forí lé ilé-ìwòsàn. Bí egungun ọrùn ẹni náà bá ti ṣẹ́, fífà yẹn nìkan lè sọ ẹni tí ì bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé di arọ. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá ewu mìíràn ṣì wà nítòsí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, á tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Á ní kí ẹnì kan di orí ẹni náà mú kó má baà yí, á wò ó bóyá èémí ń kọjá lọ́fun, á fi ìdè sí ọrùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó jọ gbé e sórí pátákó lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò bá kọ́ ọ kò lè ṣe é.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti mọ̀ pé ìtọ́jú yìí kì í ṣe àánú lásán. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé-ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin yẹn kan náà ló ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìlera ìpìlẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Láti inú rẹ̀ ni ètò áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NEMSAS ti jáde, tó fi mọ́ ẹ̀ka RESMAT tó wà fún gbígbé àwọn aboyún láti ìgbèríko. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní LASAMBUS láti 2001. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì gbogbo, 122 sì wà fún FRSC. Ohun tí gbogbo ètò wọ̀nyí ń fẹ́ ni ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ń bọ̀, ó sì ti ń dé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba tàbí ilé-ìwòsàn bá máa gbà síṣẹ́, ìwé-àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ṣe é ṣáájú fi èyí hàn. Ní Gánà, lẹ́yìn ìjàǹbá pápá ìṣeré Accra ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, tó pa èèyàn 126, ìjọba dá iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Nkenkaasu, ní agbègbè Ashanti. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ so mọ́ra wọn, akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ ibi tó ń lọ. Ní Bìrìtìkó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní paramẹ́díìkì bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ HCPC, láti 2021 sì ni oyè dìgírì àkọ́kọ́ ti di òṣùwọ̀n ìwọlé fún ẹni tó bá kọ́ ọ níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu ni ibi tí àjọ tó dúró ṣinṣin ti ń mójú tó iṣẹ́: Nursing and Midwifery Council fún àwọn nọ́ọ̀sì, àti Community Health Practitioners Registration Board fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, irú àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ìlẹ́sẹ̀-Ìjẹ̀bú ń kọ́. Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá tó bá gba ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí, tó sì fi ẹ̀kọ́ pàjáwìrì lé e, ti ní ilẹ̀ tó dúró lé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá sì ní paramẹ́díìkì gan-an lòun ń kọ́ni, ìbéèrè mẹ́rin ni kí òbí bi í: àjọ wo ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Ta ni yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé-àṣẹ? Ilé-ìwòsàn wo ni wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́? Níbo ni àwọn tó ti jáde ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, á sì fi ìwé hàn.

Ní ti ìmúrasílẹ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, láàárín ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni JAMB máa ń ta fọ́ọ̀mù. WAEC máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, NECO sì ń tẹ̀lé e. Ìdajì kejì ọdún ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlera máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Nítorí náà, oṣù kìíní ni kí ẹni tó fẹ́ wọlé ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Kó wo orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Bí ìwé WAEC bá kọ Ṣadé, tí NIN kọ Foláṣadé, tí ìwé ọjọ́-ìbí sì kọ Ṣadé Ayọ̀mídé, kó tètè tún un ṣe, kó sì gba ìwé ìbúra kóòtù níbi tó bá yẹ, torí ìdíwọ́ kékeré yìí lè dá ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ pé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀nà yìí gùn jù. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà wà, pé èèyàn lè fi ìyẹn jápa, kó lọ jẹun lókè òkun. Ẹ̀kọ́ kúkúrú ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dúró, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán, lè gba ẹ̀mí là ní Lafẹ́nwá tàbí ní Kútọ̀ lónìí. Ó yẹ kí awakọ̀, ọlọ́kadà àti olùkọ́ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àfikún ìmọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ àṣelà. Àjọ HCPC máa ń fi ẹ̀kọ́ ẹni tó ti òkè òkun wá wé òṣùwọ̀n tirẹ̀, fínnífínní ni wọ́n sì ń wò ó. Ìwé-ẹ̀rí tí kò ní àjọ lẹ́yìn nílé kò lè ní agbára lẹ́yìn odi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ awakọ̀ áńbúláǹsì lásán ni, pé ọmọ tó bá mọ̀wé yẹ kó lọ di dókítà. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní 1967, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ áńbúláǹsì tó ń jẹ́ Freedom House. Dókítà Peter Safar ló ṣètò ẹ̀kọ́ wọn. Dókítà Nancy Caroline sì darí wọn lẹ́yìn náà, ó sì kọ ètò ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà lò fún paramẹ́díìkì káàkiri. Àwọn tí ayé fojú kéré ló fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Dókítà kò sì lè wà lójú títì ní gbogbo ìgbà. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún aláìsàn lójú ọ̀nà ló ń sọ bóyá ohun tí dókítà fẹ́ ṣe ṣì lè wúlò.

Àtakò tó wúwo jù ni pé áńbúláǹsì kò tó, pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Òótọ́ ni pé kò tó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ láìsí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí takisí tó ń fọn fèrè. Owó lè ra ọkọ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ọdún mélòó kan ni ó ń gbà láti kọ́ èèyàn. Ẹni tó bá sì ní ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì tàbí ti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko kò ní jókòó sílé títí áńbúláǹsì yóò fi dé. Á máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé-ìwòsàn Ìjàyè, ní ti Ìdí-Aba tàbí ní ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ìmọ̀ rẹ̀ á sì máa jinlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi kan ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó lówó lọ́wọ́ pẹ̀lú: kí wọ́n bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlera tó wà nílẹ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ paramẹ́díìkì tí àjọ fọwọ́ sí, kí ó so mọ́ ilé-ìwòsàn àti iṣẹ́ áńbúláǹsì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìpolówó aláràbarà tàn yín san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tọ́jú ìwé yín, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn, ẹ sì gba ọ̀nà tí àjọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá nílò yín lójú títì.