Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Láti SS1 ni ọmọ ti ń múra àtiwọ yunifásítì

Ẹ̀yin òbí wa ní Benin City, bí ọmọ yín bá ń fojú sọ́nà fún UNIBEN, ẹ má dúró di SS3. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

📌 SS1 ni ọmọ ti ń yan àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó máa ṣe. Ẹni tó fẹ́ di dókítà máa nílò Gẹ̀ẹ́sì, Bàólójì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì nínú ìdánwò JAMB. Ẹni tó fẹ́ di ẹnjiníà máa fi Ìṣirò rọ́pò Bàólójì. Ẹni tó fẹ́ di lọ́yà kò gbọdọ̀ fojú di Lítíréṣọ̀.

📌 Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, 400 sì ni àpapọ̀ máàkì rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí náà, kí kọ̀ǹpútà ti mọ́ ọmọ lára kí ọjọ́ tó pé.

📌 JAMB nìkan kò tó. Kírẹ́dìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO ṣe kókó, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́.

📌 Láìsí NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, kò sí ìforúkọsílẹ̀ JAMB. Ẹ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ wò báyìí. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ tètè tún un ṣe.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ bi í pé: "Kí lo fẹ́ dà?" Lẹ́yìn náà, ẹ jọ yẹ àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó yàn wò.