Ìṣúnlò Okun ní Ìdí Ààrò Ẹja ní Etíkun Àgbádárìgì

Ibi iṣẹ́ kì í ṣe ọ́fíìsì nìkan. Ní etíkun Àgbádárìgì, ìdí ààrò ni ibi iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń yan ẹja tà. Bí ọkọ̀ apẹja bá ti gúnlẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ẹja falẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́ bàjẹ́. Igi ìdáná àti èèpo àgbọn ni a fi ń yan án, owó igi sì ń jẹ nínú èrè. Ẹni tí yóò bá kọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí, tàbí ọmọ wọn ní ilé-ìwé, bí a ṣe ń dín ìnáwó yìí kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí yóò lò.

Ìṣòro wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun méjì. Èkíní ni òfin físíìsì tí ó sọ pé okun kì í ti inú òfo wá, kì í sì í run. Ìrísí rẹ̀ ni ó ń yí padà. Èkejì ni ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn má ṣe fi okun ṣòfò. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì ní "ìpamọ́ okun", akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní àròjinlẹ̀ yóò béèrè pé: bí okun kì í bá run, kí ni a tún ń pa á mọ́ sí?

Ìdáhùn wà ní ìdí ààrò. Ààrò àtijọ́ tí ó rí róbótó, ìbáà ṣe ti amọ̀ tàbí ti àgbá, ń jẹ́ kí ooru púpọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àti òkè jáde. Ooru náà kò run. Ó lọ sínú afẹ́fẹ́ etíkun, níbi tí kò ti lè yan ẹja mọ́. Okun wà síbẹ̀, ìwúlò rẹ̀ ni ó lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí a pe òfin náà ní "òfin àìrun okun", kí a sì pe ìmọ̀ràn náà ní "ìṣúnlò okun". Ẹni tí ń ṣún owó ná mọ̀ pé owó tí òun ná kò parẹ́ láyé. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí.

Láàárín ọdún 1969 sí 1971, ní Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Àkrà ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn obìnrin tí ń yan ẹja, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Oúnjẹ ti Gánà àti àjọ FAO jọ ṣe ààrò tuntun. Ó ní igun mẹ́rin àti ẹnu ìdáná 2. Àtẹ onígi tí a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà tẹ́ ni a ń tò léra lórí rẹ̀, ó sì lè tó 15. Ooru tí ó bá kúrò lára ẹja ìsàlẹ̀ ń bá ti òkè kí ó tó jáde. Iná kan náà wá ń yan ẹja púpọ̀.

Ẹni tí kò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ náà lè ṣún okun lò. Kí ó kọ́kọ́ sá igi gbẹ. Láti mú kílógíráàmù omi 1 kúrò ní ìgbóná 30 dé 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ń gba nǹkan bí kílójúùlù 293. Kí omi tí ń hó náà tó gbẹ tán, yóò tún gba nǹkan bí 2,257. Nítorí náà, igi tútù ń fi iná gbẹ omi ara rẹ̀ kí ó tó yan ẹja. Kí ó dí ojú afẹ́fẹ́ òkun, kí ó bo orí ààrò, kí ó má sì dáná ńlá fún ẹja díẹ̀.

Akọ̀wé tí ó pa fáànù àti iná kí ó tó kúrò ní ọ́fíìsì ń ṣe ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ kan, "ìṣúnlò", bá àwọn méjèèjì mu, kò sì tako òfin físíìsì.