Igi Tùràrí Kan Tí Ó Fara Sin

Gbogbo wa ni a mọ orúkọ tùràrí nínú ìtàn àwọn amòye, ṣùgbọ́n oje igi ni í ṣe. Ní àwọn òkè Sanaag, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Somali, àwọn ènìyàn a máa fi ọ̀bẹ la èèpo igi. Oje a sun jáde, a sì gbẹ. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kó oje igi kan pọ̀ mọ́ ti Boswellia carteri, nítorí wọ́n ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ní ọdún 2019 ni Thulin, DeCarlo àti Johnson fi hàn pé igi ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Boswellia occulta, èyíinì ni, èyí tí ó fara sin. Èròjà tí à ń pè ní methoxydecane pọ̀ nínú òróró rẹ̀. Nítorí náà, bí olùrà bá bá a nínú òróró carteri, ó lè pe olùtà ní oníjìbìtì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kó oje náà lórí òkè kò purọ́ rárá.