Láti Kumasi dé Èkó: Ìdí tí ẹnu àwọn olùgbọ́ kì í fi í kò lórí àwo orin tó ń rántí ayé àtijọ́

Adum ni ọkàn ìṣòwò ìlú Kumasi, olú ìlú ẹkùn Ashanti ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀bù àti àwọn tó ń tajà lójú títì ló kún ibẹ̀. Láti ìgbà tí ojú irin láti Sekondi ti dé Kumasi ní ọdún 1903 ni ọjà òkè òkun ti ń rọ́ wọ àárín ìlú náà. Nígbà tí ẹ̀rọ giramafóònù sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, àwo orin náà di ọjà.

Ní Kumasi, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Kútọnù, irú àwo orin kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ orin. Èyí ni àwo tí àwọn olórin fi ń pe ìgbà àtijọ́ padà: orin tó ti pẹ́, ohùn méjì tàbí mẹ́ta tó ń bá ara wọn rìn, àti fèrè tó ń dún bíi ti àwọn olórin jazz. Ẹnìkan á ní ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ọbẹ̀ àná ni wọ́n tún gbé kaná.

Adùn orin nìkan kọ́ ló ń fa ìyàtọ̀ èrò yìí. Ìtàn orin highlife, tó so Kumasi pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé ibi tí orin náà gbé olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan padà sí ni olúkálukú fi ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ìbéèrè ti ń jáde nípa ẹni tó ni orin náà, àti ẹni tó yẹ kó jẹ èrè rẹ̀.

Ta ni àwọn Kumasi Trio?

Ní ọdún 1928, àwọn olórin mẹ́ta kan gba orin sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kumasi Trio ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Jacob Sam, tí wọ́n tún ń pè ní Kwame Asare, ni aṣíwájú wọn. Ọmọ Fante láti etíkun ni wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ Kumasi ni wọ́n gbé lọ sí òkè òkun.

Ọ̀kan lára orin tí wọ́n kọ ni "Yaa Amponsah", tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ta gìtá nínú rẹ̀ di ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olórin highlife kọ́lé lé lórí, títí di òní.

Ilé iṣẹ́ Zonophone yìí kan náà ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọrin Yorùbá fún ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Nípa bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún mẹ́fà péré, ohùn ilẹ̀ Yorùbá àti ohùn àwọn Akan ti wà lórí àwo ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Báwo ni ohùn mẹ́ta ṣe ń di ọ̀kan?

Nínú orin àwọn Akan, àwọn elégbè kì í sábà dúró sórí ohùn kan náà. Bí ohùn kan bá wà lórí "mi", èkejì lè wà lórí "do" ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tàbí lórí "sol" ní òkè rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gòkè, àwọn yòókù á bá a gòkè. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ọgbọ́n wà nídìí èyí. Èdè olóhùn ni Twi, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti jẹ́. Ẹni tó bá kọrin Yorùbá tó sọ "ọkọ̀" di "ọkọ́" ti sọ ohun ìrìnnà di ohun èlò oko. Nígbà tí gbogbo ohùn bá jọ ń gòkè tí wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní dàrú, bó ti wù kí ohùn pọ̀ tó.

Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ilẹ̀ Yorùbá, ohùn kan náà ni gbogbo elégbè fi ń gbe orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbọ́ ohùn méjì tó ń rìn pọ̀ nínú orin ìbílẹ̀ àwọn ará Èkìtì. Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni mú orin ìyìn ti òyìnbó dé, ìṣòro kan náà ló dojú kọ Yorùbá àti Akan: ohùn orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó wá sílẹ̀.

Ní Ghana, Ephraim Amu, tí wọ́n bí ní ọdún 1899 tó sì kú ní ọdún 1995, wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i. Ó kọ orin fún ẹgbẹ́ akọrin lọ́nà tí ohùn orin fi ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ní èdè Twi àti Ewe. Ní ẹ̀wádún 1950, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Kumasi, èyí tó ti di yunifásítì báyìí.

Èyí ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tí àgbà olùgbọ́ fi ń wọn àwo orin tuntun tó ń kọ orin àtijọ́. Ohùn lè dán bíi wúrà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara létí ẹni tó gbọ́ èdè, a jẹ́ pé nǹkan ti sọnù.

Nígbà tí jazz wọlé

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó wà ní Accra mú orin ijó ti ìlú wọn lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Tempos ti yọ. E.T. Mensah, tí wọ́n bí ní ọdún 1919, ló wá di olórí rẹ̀. Ó fi fèrè àti saxophone bá ìlù ilẹ̀ Áfíríkà rìn, ó sì kọrin ní èdè oríṣiríṣi.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1950 ni Tempos ti ń wá ṣeré ní Nàìjíríà. Àwọn olórin Èkó tẹ́tí sílẹ̀. Bobby Benson àti Victor Ọláìyá wà lára àwọn tí highlife ti Ghana nípa lórí iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1956, nígbà tí Louis Armstrong, àgbà olórin jazz láti Amẹ́ríkà, bẹ Accra wò, òun àti Mensah jọ fọn fèrè pọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980, Mensah àti Ọláìyá jọ ṣe àwo orin kan ní Nàìjíríà tí wọ́n pè ní "Highlife Giants of Africa". Lásìkò náà, jùjú, fújì àti afrobeat ti gba ipò highlife mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Èkó, Mensah fúnra rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ẹni tó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ ló mọ̀ pé ìgbà tó ti kọjá ni wọ́n ń pè padà. Mensah kú ní ọdún 1996. Ọláìyá kú ní oṣù Kejì ọdún 2020, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.

Kí Ọláìyá tó lọ, òun àti 2Baba ti jọ tún orin rẹ̀ kan, "Baby Jowo", kọ ní nǹkan bí ọdún 2013. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó jó sí i kò tíì gbọ́ ti àkọ́kọ́ rí.

Àwọn ọmọ Kumasi ní Lọ́ńdọ̀nù

Kumasi ni wọ́n ti bí Teddy Osei ní ọdún 1937. Níbẹ̀ ló ti darí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Comets kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ní ọdún 1969, òun, àbúrò rẹ̀ Mac Tontoh àti onílù Sol Amarfio dá ẹgbẹ́ Osibisa sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà wà láàárín wọn, ìyẹn Lasisi Amao. Àwọn ọmọ erékùṣù Caribbean náà sì wà níbẹ̀.

Àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọdún 1971. Wọ́n po highlife pọ̀ mọ́ jazz àti rock, gbogbo ẹgbẹ́ a sì máa pa ohùn pọ̀ gbe orin. Àwọn tó wà ní ilé òkèèrè gbọ́ ilé nínú rẹ̀. Fún ẹni tó wà nílé, tó ti jó sí Comets rí ní Kumasi, ìbéèrè mìíràn ló wà ńbẹ̀: ta ni wọ́n ń kọrin fún báyìí? Teddy Osei kú ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Èrò mẹ́ta tó ń takora

Ẹni àkọ́kọ́ nínú àríyànjiyàn yìí ni ẹni tó wà níbẹ̀. Kì í fi àwo tuntun wé àwo àtijọ́ nìkan, alẹ́ ijó ló ń fi wé. Kò sí àwo tó lè borí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà èwe olùgbọ́ fúnra rẹ̀ wà lórí òṣùwọ̀n.

Ẹnìkejì ni ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn náà. Ní Ghana, ohun kan já ní àárín. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1981, òfin kónílé-ó-gbélé wà fún nǹkan bí ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ilé ijó kógbá sílé. Ọ̀wọ́n owó ti lé àwọn olórin kan lọ sí Nàìjíríà àti Jámánì. Ilé ìjọsìn ló wá di ibi tí gìtá, fèrè àti ohùn elégbè ti rí ààbò. Nítorí náà, ohùn mẹ́ta tó ń mú bàbá rántí ilé ijó lè mú ọmọ rántí ọjọ́ Ìsinmi. Bí àwọn méjèèjì bá ń jiyàn lórí àwo kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbọ́ kò jọra rárá.

Ẹnìkẹta ni olórin tàbí alárìíwísí tó ń béèrè ohun tí wọ́n fi kún un. Lójú tirẹ̀, Mensah kò fi orin òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni Kumasi Trio kò fi gìtá sílẹ̀ bó ṣe ti òkun wá. Ẹni tó bá ń bọ̀wọ̀ fún wọn gbọ́dọ̀ yí nǹkan padà bí wọ́n ti yí i padà.

Etí Yorùbá àti ọdún 1969

Olùgbọ́ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ṣakí ló ti tẹ̀dó sí Ghana, tí wọ́n ń ṣòwò ní Kumasi àti àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló kó ẹrù. Àwọn tó padà sílé gbọ́ Twi bí ẹni gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Ghana, orúkọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn kò sì tíì kúrò lẹ́nu ọmọ Nàìjíríà.

Fún ẹni tó fi Kumasi sílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, orin highlife àtijọ́ lè mú ìlú tí wọ́n lé e kúrò padà wá. Bí ó bá ní àwo kan dùn jù, tàbí tó ní kí wọ́n pa á, ọ̀rọ̀ orin nìkan kọ́ ló ń sọ.

Ta ló ni orin àtijọ́?

Ìrántí nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, lo ohùn orin "Yaa Amponsah" nínú àwo rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1990, ìbéèrè dìde nípa ẹni tó yẹ kó gba owó rẹ̀. Ìjọba Ghana gbà pé orin ìbílẹ̀ ni, pé gbogbo ìlú ló ni ín, Simon sì san owó.

Òfin tí Ghana ṣe ní ọdún 2005 lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tún fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀. Ó fi orin àti ìtàn ìbílẹ̀ sábẹ́ àbójútó Ààrẹ ní orúkọ àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n kọjá ohun tí òfin fàyè gbà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì san owó. Àwọn olórin àti onímọ̀ kan tako èyí. Wọ́n ní ó lè mú kí ọ̀dọ́ olórin Ghana máa sanwó kó tó lè kọ orin tí ìyá rẹ̀ àgbà fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló lè ran olùgbọ́ lọ́wọ́ kó tó dá àwo orin àtijọ́ lẹ́bi tàbí láre. Ṣé ọ̀rọ̀ orin náà ṣì já gaara nínú gbogbo ohùn tó pọ̀ yìí? Kí ni àwọn tó kọ ọ́ fi kún un? Ṣé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ wà lẹ́yìn àwo náà? Ìbéèrè ìkẹta yìí ni adùn orin kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rántí béèrè, òun sì ni ó lè mú kí owó dé ọwọ́ ìdílé olórin tó ti kú.